Bí a ṣe ń gbéra lójú ìlà nínú ìdíje alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lórí iyanrìn

Arìnlóríyanrìn (ẹni tó dá ìjíròrò sílẹ̀)

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ ìgbéra ni mo gbé wá síwájú yín, ìyẹn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí iná àmì bá ti yí padà títí alùpùpù yóò fi rin mítà mẹ́wàá àkọ́kọ́. Honda ATC250R ti ọdún 1985 ni mò ń gùn, ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ fi omi tu ẹ́ńjìnnì irú rẹ̀ lára. Two-stroke ni, ìyẹn ẹ́ńjìnnì tó ń jó epo ní gbogbo ìyípo rẹ̀, mo sì ti fi táyà alájẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Fún ẹni tí kò bá tíì rí i rí, táyà alájẹ̀ ni èyí tí ara rẹ̀ dán, tí wọ́n wá to ọ̀pá rọ́bà gbọọrọ lé lórí ní ìbú, kí ó lè máa wa iyanrìn bí ọlọ́kọ̀ ṣe ń fi àjẹ̀ wa omi. Ìdíje tí à ń ṣe jẹ́ ti ẹsẹ̀ bàtà 300, tó tó mítà 91, lójú ọ̀nà tó tẹ́ gbọọrọ, ẹni méjì-méjì ló sì ń dúró sójú ìlà.

Ìṣòro mi nìyí. Bí mo bá fún un níná kíkún tí mo sì jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì (ohun tí ọwọ́ òsì ń fà láti ya ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà) lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan nínú ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀: yálà kí táyà ẹ̀yìn gbẹ́ kòtò sábẹ́ ara rẹ̀, tí alùpùpù á rì dípò kí ó sáré, tàbí kí táyà iwájú fò sókè débi pé dandan ni kí n dín iná kù. Bí mo bá sì rọra jọ̀wọ́ rẹ̀, ohùn ẹ́ńjìnnì á lọ sílẹ̀, agbára á tán nínú rẹ̀, ẹni tí a jọ dúró á sì ti lọ. Mo fẹ́ kí ẹ là mí lọ́yẹ̀ lórí jíà tó yẹ kí a fi gbéra, ibi tó yẹ kí ara wà lórí àga, àti bí ọwọ́ òsì ṣe yẹ kó ṣiṣẹ́.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì

O káre, ọmọ mi, ìbéèrè tó dáa lo bi. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sáré lórí iyanrìn ló ń ronú nípa rẹ̀ bí ẹni pé ojú títì ni.

Lójú títì, rọ́bà ń di ilẹ̀ mú, ilẹ̀ kì í sì í kúrò níbi tó wà. Lórí iyanrìn, kò sí ohun tí táyà lè dì mú. Ohun tó ń tì ọ́ síwájú ni òkìtì iyanrìn tí àjẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó jọ sẹ́yìn ara rẹ̀ tó sì fẹ̀yìn tì. Níwọ̀n ìgbà tí òkìtì náà bá ṣì wà ní kíkó jọ, tó ki, ìwọ ni wàá lọ síwájú. Bí o bá gbá a lójijì ju bí ó ṣe lè fara dà lọ, á ya, hóró iyanrìn á máa yọ̀ lórí ara wọn, àjẹ̀ tó tẹ̀ lé e á sì bá kòtò tí èyí àkọ́kọ́ ti gbẹ́ sílẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo agbára tí o bá fi kún un, ilẹ̀ lo fi ń gbẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ mi pé ìlàjì ìyípo táyà àkọ́kọ́ ni ìgbéra, ọwọ́ òsì ló sì ni ín. Ọwọ́ ọ̀tún kàn ń pèsè agbára sílẹ̀ ni.

Bí mo ṣe ń kọ́ni nìyí. Kí o tó dé ojú ìlà, má ṣe jẹ́ kí táyà yí lásán rárá. Rọra yí wọ ibẹ̀, kí ìwúwo alùpùpù fúnra rẹ̀ tẹ iyanrìn mọ́lẹ̀ fún ọ. Mo ń rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n máa ń fi táyà gbá iyanrìn sẹ́yìn lójú ìlà láti fi dẹ́rù ba ẹlẹgbẹ́ wọn, wọ́n á sì wá dúró sínú kòtò tí wọ́n fúnra wọn gbẹ́. Bí ibi tí wọ́n fi ọ́ sí bá ti rí hẹ́gẹhẹ̀gẹ nítorí àwọn tó sáré ṣáájú rẹ, bẹ olùtọ́jú ìlà kí wọ́n fi igi tẹ́ ẹ, tàbí kí o yí síwá-sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì lórí rẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń rọra dún.

Nígbà tí o bá ti dúró, fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ bíréèkì ẹ̀yìn díẹ̀, gbé ohùn ẹ́ńjìnnì sókè, kí o sì jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì títí wàá fi rí i pé ẹ̀yìn alùpùpù mì díẹ̀. Ṣéènì ló fà le yẹn. Àlàfo tó wà nínú jíà àti ṣéènì ti tán, àjẹ̀ tó wà nílẹ̀ sì ti fẹ̀yìn ti iyanrìn kí iná àmì tó yí padà rárá. Ẹni tí kò bá ṣe èyí, tí ṣéènì rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro, ńṣe ni agbára rẹ̀ máa ń dé ilẹ̀ bí ìgbà tí a gbá nǹkan lójijì, bẹ́ẹ̀ sì ni iyanrìn kò gba gbígbá.

Tí àmì bá dé, tú bíréèkì sílẹ̀ kí o sì jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì ní ìpele méjì. Ìpele kìn-ín-ní yára, ó kéré, ó kàn jẹ́ kí alùpùpù kúrò lójú kan. Ìpele kejì ni ibi tí ìka rẹ ti máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀: máa jọ̀wọ́ rẹ̀ bí ohùn ẹ́ńjìnnì ṣe ń dúró sí ibi kan náà. Bí ohùn náà bá ń lọ sókè, táyà ń yí lásán tàbí kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀ jù. Bí ó bá ń lọ sílẹ̀, o ti jọ̀wọ́ jù, fi ìka méjì fà á padà díẹ̀, kì í ṣe tọ́rọ́tù, tí ọwọ́ ọ̀tún fi ń fún un níná, ni kí o dín. Nígbà tí alùpùpù bá fi máa rin ìwọ̀n gígùn ara rẹ̀ bíi méjì, ó yẹ kí kílọ́ọ̀ṣì ti wọlé tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ńṣe lo ń sun àwo inú rẹ̀ níná.

Òǹwọ̀n

Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Mo fẹ́ fi ìṣirò díẹ̀ kún ọ̀rọ̀ yín lórí táyà iwájú tó ń fò, nítorí mo gbàgbọ́ pé bí ẹni tó ń gun alùpùpù bá mọ ibi tí nọ́ḿbà wà, á mọ ohun tó yẹ kó yí padà àti èyí tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn.

Táyà iwájú máa ń kúrò nílẹ̀ nígbà tí ìsáré tí à ń fi kún eré bá ju ààlà kan lọ. A ń rí ààlà yẹn bí a bá wo bí àárín ìwúwo alùpùpù àti ẹni tó gùn ún ṣe jìnnà síwájú ibi tí táyà ẹ̀yìn ti kan ilẹ̀, tí a sì fi bí àárín ìwúwo náà ṣe ga sílẹ̀ tó pín in. Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní ó fi sẹ̀ǹtímítà 45 wà níwájú táyà ẹ̀yìn, ó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 70. Bí a bá fi 70 pín 45, a ó rí 0.64, ìyẹn ni pé alùpùpù náà lè máa fi eré kún eré títí dé ìdá 0.64 agbára òòfà ilẹ̀ kí iwájú rẹ̀ tó gbéra.

Ní báyìí, ká ní alùpùpù wọn kìlógíráàmù 140, tí ẹni tó gùn ún sì wọn 75. Bí ó bá sún ara rẹ̀ síwájú ní sẹ̀ǹtímítà 10, àárín ìwúwo gbogbo wọn á sún síwájú ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3.5, nítorí ìdá mẹ́ta ó lé díẹ̀ péré ni ara rẹ̀ jẹ́ nínú gbogbo ìwúwo náà. Ààlà á di 0.69. Bí ó bá tún fi àyà sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ṣí síta tí àgbọ̀n rẹ̀ sì sún mọ́ ọwọ́ ìdarí, ààlà á di 0.73. Kò ná a ní kọ́bọ̀, kò tú nǹkan kan, ó sì ti rí i pé òun lè fi iná tó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ìdàkejì wà níbẹ̀. Ìwúwo tí ẹ bá gbé síwájú, orí táyà ẹ̀yìn lẹ ti gbé e kúrò, táyà ẹ̀yìn ló sì ń ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí ẹni tó wà lórí iyanrìn rírọ̀ kan jókòó sórí táńkì epo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tí mo rò pé ó tọ́ ni ibi tí táyà iwájú ti ń fẹ́ kúrò nílẹ̀, tó ń fọwọ́ kan iyanrìn fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Nígbà náà ni ìwúwo tó pọ̀ jù lọ wà lórí táyà ẹ̀yìn láìsí pé ẹ ní láti dín iná kù.

Adúróṣinṣin

Mo gbà pẹ̀lú Òǹwọ̀n lórí ara, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n tẹ̀síwájú lórí jíà, nítorí mo mọ̀ pé ẹnu wa kò ní kò lórí rẹ̀.

Jíà kejì ni mo fara mọ́ fún two-stroke 250 tó ní táyà alájẹ̀ lórí iyanrìn gbígbẹ. Jíà kìn-ín-ní ń sọ agbára di púpọ̀ débi pé táyà á gbá iyanrìn yà kí ìka tó lè dá a dúró, kò sì ní pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì á fi dé òkè pátápátá, tí ẹ ó sì ní láti pààrọ̀ rẹ̀ ní ibi tó burú jù lọ, nígbà tí alùpùpù ṣì ń wá ẹsẹ̀ dúró. Iyanrìn kì í dárí ji ẹni tó bá gé agbára. Lójú títì, alùpùpù á máa yí lọ bí ẹ ṣe ń pààrọ̀ jíà. Lórí iyanrìn, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ẹnì kan fà á sẹ́yìn, imú rẹ̀ á wọlẹ̀, àjẹ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti òdo. Ní kìlómítà 60 ní wákàtí kan, mítà tó ju mẹ́jọ lọ ni alùpùpù ń rìn nínú ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, nínú mítà 91 péré tí a ní.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú ẹ́ńjìnnì, ẹ ka iye ìgbà tí ẹ ń pààrọ̀ jíà láàárín ìlà ìbẹ̀rẹ̀ àti ìlà òpin. Bí ẹ bá lè fi irin eléyín tí ṣéènì ń yí lẹ́yìn ṣe àtúnṣe kí ẹ̀ẹ̀kan kúrò níbẹ̀, ẹ ti jèrè ju ẹni tó ra páìpù èéfín tuntun lọ. Irin eléyín tó tóbi lẹ́yìn máa ń fún jíà kejì ní agbára láti gbéra, àmọ́ ẹ́ńjìnnì á tètè dé òkè níparí. Èyí tó kéré á jẹ́ kí òpin ọ̀nà yá, ìgbéra á sì wúwo. Ìlàjì ọ̀nà ni kí ẹ fi ṣe ìwọ̀n, kí ẹ wo ibi tí ẹni tí ẹ jọ ń sáré ti ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn yín tàbí tó ti ń lé yín bá.

Iye àjẹ̀ tó wà lára táyà náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì rò pé a lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àjẹ̀ tó pọ̀ jù tàbí tó ga jù á so ẹ́ńjìnnì kékeré mọ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ á ṣubú lẹ́yìn ìgbéra kò sì ní lè dìde mọ́. Àjẹ̀ tó kéré jù á jẹ́ kí táyà máa yí lásán ní gbogbo ọ̀nà. Bí Arìnlóríyanrìn bá ṣe ohun tí bàbá sọ nípa kílọ́ọ̀ṣì tán, tí ohùn sì ṣì ń ṣubú ní jíà kejì, kí ó gé orí àjẹ̀ náà kúrò díẹ̀díẹ̀ lọ́gbọọgba yíká kí ó tó padà sí jíà kìn-ín-ní.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì

Adúróṣinṣin, ọ̀rọ̀ rẹ dùn, àmọ́ kò bá gbogbo ilẹ̀ mu. Bí òjò bá ti rọ̀ sí iyanrìn, tàbí tí wọ́n bá ti bu omi sí ọ̀nà, omi tó wà láàárín àwọn hóró náà á so wọ́n pọ̀, òkìtì tó wà lẹ́yìn àjẹ̀ kò sì ní tètè ya. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè gba jíà kìn-ín-ní dáadáa. Ewu ibẹ̀ ni pé iwájú máa ń fò ju ti iyanrìn gbígbẹ lọ, nítorí ilẹ̀ kò jọ̀wọ́ agbára náà mọ́. Ẹni tó bá ti ṣe ìdánrawò ní ọ̀sán gangan nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, tó wá sáré ní àárọ̀ nígbà tí ìrì ṣì wà nínú iyanrìn, kí ó sún ara síwájú ju bó ṣe ń ṣe lọ.

Òun náà ni mo fi ń dá àwọn tó ń fa apá ẹ̀yìn (irin tó so táyà ẹ̀yìn mọ́ férémù) gùn lóhùn. Bí a bá lo nọ́ḿbà Òǹwọ̀n, tí a sún táyà ẹ̀yìn sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà 10, ààlà á kúrò ní 0.64 á di 0.79 láìjẹ́ pé ẹni tó gùn ún ṣe nǹkan kan. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn, lóòótọ́. Àmọ́ ìwúwo tó wà lórí táyà ẹ̀yìn nígbà tí alùpùpù dúró á dín kù, lórí iyanrìn gbígbẹ tí kò ki, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fò tẹ́lẹ̀ á wá di ẹni tí táyà rẹ̀ ń yí lásán. Mi ò lòdì sí i fún ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti tún ṣe gidigidi. Fún ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é, kí ó kọ́kọ́ kọ́ ara àti ìka ná.

Ó sì ku ohun kan tí a kò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Ọdún 1970 ni Honda gbé alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń jẹ́ US90 jáde, ẹ́ńjìnnì 89cc péré ló ní, táyà rẹ̀ tó kún fún afẹ́fẹ́ sì ni gbogbo ṣọ́ọ̀kì tó wà lára rẹ̀. ATC250R dé ní 1981, Kawasaki mú Tecate tirẹ̀ wá ní 1984, Yamaha sì mú Tri-Z wá ní 1985. Nígbà tó fi máa di 1988, àdéhùn tí ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí láàárín ìjọba Amẹ́ríkà àti àwọn tó ń ṣe wọ́n ti fòpin sí títa tuntun wọn níbẹ̀, nítorí jàm̀bá tó pọ̀. Ìtumọ̀ èyí fún wa ni pé irin àtijọ́ ni a jókòó lé, ìgbéra tó le sì ni ohun tó ń dán irin wò jù. Ẹ fi àkísà nu ibi tí apá ẹ̀yìn ti so mọ́ férémù, kí ẹ wo ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ bóyá ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ìpẹtà wà níbẹ̀. Ibi tí irin ti fẹ́ ya nìyẹn. Ẹ má gùn ún títí wọn ó fi tún un jó.

Olùtọ́júlà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ìdí ìlà ni iṣẹ́ mi wà, mo sì rí ohun tí ẹni tó wà lórí àga kì í rí.

Níbi tí a bá ti ń lo iná àmì, ọ̀nà méjì ni wọ́n máa ń tò ó. Nínú ọ̀kan, iná àwọ̀ ọsàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọ̀ ewé á sì tàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 0.4. Nínú èkejì, wọ́n á tàn tẹ̀ léra wọn, 0.5 láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ojú àti ọwọ́ ènìyàn ń gbà tó nǹkan bíi ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan kí wọ́n tó gbọ́ ara wọn yé, alùpùpù náà sì ní ìgbà tirẹ̀ tó máa ń gbà kí ó tó kúrò lójú kan. Ẹni tó bá dúró de àwọ̀ ewé ti pẹ́. Àwọ̀ ọsàn tó kẹ́yìn ni kí ẹ máa wò, òun nìkan, kí ẹ má sì wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ohun kejì kan táyà iwájú tí Òǹwọ̀n ń sọ. Ìtànṣán iná tó wà lójú ìlà kì í ga sílẹ̀, táyà iwájú yín ló sì ń dí i. Bí táyà náà bá fò sókè kí alùpùpù tó rìn síwájú, ìtànṣán á ṣí, aago á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò yín nígbà tí táyà ẹ̀yìn ṣì wà níbi tó wà. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà tí ẹni tó gbé imú sókè tí àwọn èrò sì pariwo fún un ní àkókò tó burú ju ti ẹni tó rọra lọ lọ. Níbi tí àsíá tàbí ọwọ́ bá ti jẹ́ àmì, èjìká ẹni tó mú àsíá náà ni kí ẹ fojú sí, nítorí èjìká ló máa ń kọ́kọ́ mì.

Abiyamọ Asáré

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀, nítorí mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ látòkè, kò sì tíì sí ẹni tó mẹ́nu kàn án.

Ẹni tó bá ti gun alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ méjì dàgbà ti ní àṣà kí ó máa fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀ lójú ìlà. Lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, táyà ẹ̀yìn fẹ̀, ó sì wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ yín gan-an. Bí alùpùpù bá gbéra tí ẹsẹ̀ sì wà nílẹ̀, táyà á gùn ún láti ẹ̀yìn, á sì fa gbogbo ẹsẹ̀ wọlé sábẹ́ rẹ̀. Táyà alájẹ̀ tún wá burú jù, nítorí àjẹ̀ máa ń fà nǹkan mọ́ra. Alùpùpù yìí lè dúró fúnra rẹ̀, kò sí ìdí tí ẹsẹ̀ fi gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà lórí ibi ìtẹ̀sẹ̀ láti ìgbà tí ẹ bá ti yí wọ ojú ìlà, kí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí orúnkún sì di táńkì mú ṣinṣin. Ó wúlò fún ìgbéra náà fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá dì mú kì í fi ọwọ́ ìdarí gbé ara rẹ̀ ró, kì í sì í ṣèèṣì fún un níná nígbà tí alùpùpù bá fà á sẹ́yìn.

Okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì náà, ẹ so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ yín nígbà gbogbo, pẹ̀lú akoto, bàtà gíga àti ohun ìdáàbòbò ojú. Bí iwájú bá sì ti fò kọjá ibi tí ẹ lè ṣàkóso rẹ̀, ẹ tẹ bíréèkì ẹ̀yìn, imú rẹ̀ á padà wálẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró lẹ́yìn yín. Òkúta tó bá wà nínú iyanrìn, ìgbéra ló máa ń jù ú.

Arìnlóríyanrìn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti gbìyànjú ìpele méjì tí bàbá sọ ní jíà kejì, pẹ̀lú àyà sílẹ̀ àti orúnkún dídì, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì hàn kedere. Ẹ̀yìn kò rì mọ́, iwájú sì ń fọwọ́ kan ilẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ gẹ́gẹ́ bí Òǹwọ̀n ṣe júwe rẹ̀.

Ohun tó wá ṣẹ́ kù ni pé alùpùpù ń fà sí apá òsì. Bí táyà iwájú bá ti fúyẹ́ báyìí, ọwọ́ ìdarí kò ṣe nǹkan kan mọ́, mo sì ń lọ sí ọ̀nà ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ti yẹ férémù wò, kò wọ́. Ṣé ara mi ló ń fà á ni, àbí alùpùpù?

Òǹwọ̀n

Àwọn méjèèjì lè fà á, àmọ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara táyà. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, iye kan náà ni wọ́n sì ń yí. Bí ọ̀kan bá tóbi ju èkejì lọ ní àyíká, ní gbogbo ìyípo ni yóò máa rìn jìnnà ju èkejì lọ, á sì máa ti imú alùpùpù lọ sí apá èyí tó kéré. Nígbà tí táyà iwájú bá wà nílẹ̀, ẹ kò ní mọ̀, nítorí ó ń dá a padà. Tó bá ti fúyẹ́ tán, kò sí ohun tó máa dá a padà mọ́.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì

Ó sọ ọ́ re. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú táyà wọ̀nyí kéré púpọ̀, PSI (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) mélòó kan ni, nítorí náà ìyàtọ̀ ẹyọ kan láàárín òsì àti ọ̀tún ti tó láti yí àyíká wọn padà. Ohun tí wọ́n fi ń wọn táyà ọkọ̀ kò lè rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀, wá èyí tí wọ́n ṣe fún afẹ́fẹ́ kékeré. Àárọ̀ kí oòrùn tó mú ni kí o wọ̀n ọ́n, kí o sì tún un wọ̀n kí o tó wọ ìlà, nítorí táyà tí oòrùn bá pa lápá kan máa ń le ju èkejì lọ.

Ní ti ara rẹ, nígbà tí imú bá fúyẹ́, ibi ìtẹ̀sẹ̀ ni ìdarí. Bí ó bá ń fà sí òsì, gbé ìdí rẹ sún díẹ̀ kí o sì tẹ ẹsẹ̀ kan ju èkejì lọ títí wàá fi rí ẹsẹ̀ tó ń dá a padà. Ó yàtọ̀ láti ilẹ̀ sí ilẹ̀, nítorí táyà tí ìwúwo pọ̀ lórí rẹ̀ lè di ilẹ̀ mú sí i kí ó sì tì síwájú, ó sì lè rì kí ó fà sẹ́yìn. Ohun tí o kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí o yí ọwọ́ ìdarí nígbà tí táyà iwájú wà lókè. Bí ó bá balẹ̀ ní yíyí, ibi tó kọjú sí ni yóò gbé ọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, bóyá kó sọ ọ́ dànù pàápàá.

Arìnlóríyanrìn

Ẹ ṣé, bàbá. Ṣé kí n tú táyà náà sílẹ̀ láti wọ̀n wọ́n, àbí mo lè wọ̀n wọ́n lára alùpùpù?

Adúróṣinṣin

Má tú u. Gbé ẹ̀yìn alùpùpù lé orí àpótí kí táyà méjèèjì kúrò nílẹ̀, fún àwọn méjèèjì ní afẹ́fẹ́ kan náà, kí o sì fi téèpù rírọ̀, irú èyí tí aránṣọ ń lò, yí táyà ká láàárín gbùngbùn, láàárín àjẹ̀ sí àjẹ̀, kì í ṣe lórí wọn, nítorí àjẹ̀ kì í jẹ déédéé. Kọ nọ́ḿbà òsì àti ti ọ̀tún sílẹ̀. Bí wọn kò bá dọ́gba, fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ kún èyí tó kéré, jẹ́ kí ó dúró fún ìgbà díẹ̀ kí rọ́bà lè nà, kí o sì tún un wọ̀n. Bí afẹ́fẹ́ ìyàtọ̀ tí o nílò bá ti ń le débi pé táyà kan rọ̀ tí èkejì sì le lábẹ́ ọwọ́, pààrọ̀ táyà, nítorí méjèèjì kò jáde láti inú ìdì kan náà. Nígbà tí o bá wà níbẹ̀, wo ọfà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà wọn pẹ̀lú. Iwájú ló yẹ kí méjèèjì kọjú sí, kí ojú àjẹ̀ tó kó sínú lè máa bu iyanrìn, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀.